Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ A ṢE Ń YAN GÍLÁÀSÌ IWÁJÚ ALÙPÙPÙ, KÍ AFẸ́FẸ́ MÁ BÀA MÁA GBÁ WA LÓRÍ

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti ìwé owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti èlé orí ẹ̀yáwó. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń gun ọ̀kadà ń béèrè bóyá ẹgbẹ́ lè yá àwọn lówó láti ra gíláàsì iwájú, èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ ọwọ́ alùpùpù láti fi gba afẹ́fẹ́ dúró. Àwọn kan ti rà á, wọ́n sì ń yìn ín. Àwọn mìíràn rà á tán, ṣùgbọ́n kàkà kí ewé àgbọn ó dẹ̀, ńṣe ló ń le koko sí i: orí ń mì, etí ń hó, ọrùn ń ro wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gíláàsì kan náà ni, ojú ọ̀nà kan náà ni. Kí ló wá fà á?

Ó yẹ kí a mọ ìdáhùn kí owó tó jáde, nítorí owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan, ọrùn ọmọ ẹgbẹ́ kò sì ní ìpààrọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí kò gun alùpùpù rí pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ ojú omi bá já wa sí Igbókòdá, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa tí ń ta ẹja ń gùn sí, tàwọn ti ẹrù. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ẹni iwájú ṣubú, ẹni ẹ̀yìn kò ní í dá dúró.

1. ÒPÓ INÚ OMI

Ẹ̀kọ́ yìí kò yẹ kó le fún ọmọ Ìlàjẹ, nítorí omi ti kọ́ wa ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ wo òpó ilé tí a rì sínú omi tó ń ṣàn. Omi ń bọ̀ jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀. Bó ti kan òpó, ó pín sí méjì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òpó gan-an, omi kì í ṣàn tààrà mọ́. Ó ń sáré padà wá dí àyè tó ṣófo níbẹ̀, ó sì ń yí po. Ewé tó bá bọ́ síbẹ̀, á lọ, á bọ̀, á tún yí. Ewé tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá níbi tó jìnnà sí òpó ń lọ ní tirẹ̀ láìṣe wàhálà.

Bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Gíláàsì iwájú ni òpó. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀, ó kan gíláàsì, ó gba etí rẹ̀ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Bí orí wa bá bọ́ sí ibi tí ó ti ń yí po yìí, yóò máa gbá a lọ́tùn-ún, yóò máa gbá a lósì, láìdáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ tààrà, títì ló ń tì wá, ara sì lè gbára lé e. Èyí tó ń yí po ni kò ṣeé gbára lé, nítorí bó ṣe ń tì ló ń fà. Òun ló ń mú orí mì tí ojú kò fi ní í ríran dáadáa, òun náà ló ń mú etí hó.

Ẹ jẹ́ kí a di kókó yìí mú ṣinṣin: kì í ṣe pé à ń ra gíláàsì láti lé afẹ́fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ kò ní ibi tí yóò lọ. À ń ra gíláàsì láti yan ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa yí po. Ó lè jẹ́ ní àyà, nísàlẹ̀ orí, tàbí kí ó kọjá lókè orí pátápátá. Àárín méjèèjì ni ewu wà. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì kan náà fi ń tu Lágbájá lára tí ó sì ń da Tàmẹ̀dù láàmú: gíga wọn kò dọ́gba, ìjókòó wọn kò sì dọ́gba. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

2. ÌṢIRÒ DÍẸ̀ NÍPA AGBÁRA AFẸ́FẸ́

Agbára afẹ́fẹ́ kì í pọ̀ sí i bí ìyára ṣe ń pọ̀ sí i lásán. Bí ìyára bá di ìlọ́po 2, agbára afẹ́fẹ́ yóò di ìlọ́po 4. Bí ìyára bá di ìlọ́po 3, agbára afẹ́fẹ́ yóò di ìlọ́po 9. Nítorí náà ẹni tó kúrò ní 30 kìlómítà ní wákàtí kan bọ́ sí 60 ti fi afẹ́fẹ́ mẹ́rin rọ́pò ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ tí ń kọlù wá kì í ṣe ti ìyára alùpùpù nìkan. Ní etí òkun wa, bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ ń ti orí òkun fẹ́ wá sí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó ń fẹ́ ní 20 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tó kọjú sí òkun tí míta alùpùpù rẹ̀ wà ní 50, afẹ́fẹ́ 70 ló ń bá jà. Ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí òkun tí míta rẹ̀ wà ní 50 bákan náà, afẹ́fẹ́ 30 péré ló rí. Bí ẹ bá ṣírò agbára méjèèjì, ti ẹni àkọ́kọ́ ju ìlọ́po 5 ti ẹnì kejì lọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá dán gíláàsì wò nígbà àlọ nìkan kò tíì dán an wò. Ó di ìgbà tó bá lọ tó sì bọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ibẹ̀ kò ní owó nínú: ẹni tó bá dín ìyára rẹ̀ láti 60 sí 45 ti dín agbára afẹ́fẹ́ kù ní nǹkan bí 44 nínú 100. Kò sí gíláàsì tó pọ́n ju ìyẹn lọ.

3. KÚKÚRÚ, ÀÁRÍN, GÍGA

Oríṣi mẹ́ta ni a lè pín gíláàsì iwájú sí.

(a) Kúkúrú. Ó ń bo míta àti iná iwájú, ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ kúrò ní ikùn àti àyà. Orí ẹni tó ń gùn ún wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ tààrà, nítorí náà kì í sábà mì. Ó dára fún ẹni tí akoto rẹ̀ ní ìbojú, tó sì ń gùn láàárín ìlú.

(b) Àárín, èyí tí etí rẹ̀ dé àgbọ̀n tàbí ọrùn. Òun ni ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí ibi tí orí wà gẹ́lẹ́ ló ń da afẹ́fẹ́ tó ń yí po sí. Ó ń wu èèyàn lójú nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ojú kọ́ ni a fi ń gun alùpùpù.

(d) Gíga. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò ni pé, bí a bá jókòó bí a ṣe máa ń jókòó, kí etí òkè gíláàsì má kọjá imú, kí ó má sì fi bẹ́ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹnu. Afẹ́fẹ́ kì í dúró ní etí gíláàsì. Yóò tún gòkè díẹ̀ sí i kí ó tó tẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ yóò fo akoto kọjá. Ojú wa yóò sì máa wo òkè etí gíláàsì, kì í ṣe inú rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tó ń wo inú gíláàsì lálẹ́, nínú òjò, nígbà tí iná ọkọ̀ mìíràn bá tàn sí i, kò yàtọ̀ sí ẹni tó di ojú.

Gíláàsì gíga ní àléébù kan tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ. Nítorí pé ó dí iwájú, àyè ṣófo wà láàárín gíláàsì àti àyà ẹni tó ń gùn ún, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn á sì máa sáré wá dí i, á máa ti èèyàn láti ẹ̀yìn. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a má fi ìdí gíláàsì lẹ̀ mọ́ iná iwájú pátápátá. Kí àlàfo ìka méjì tàbí mẹ́ta wà nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé lọ dí àyè náà.

4. BÍ A ṢE Ń DÁN AN WÒ

Ẹ má ṣe fi ojú wọn gíláàsì. Ẹ tẹ̀lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí.

Èkíní: ẹ kọ́kọ́ gun alùpùpù láìsí gíláàsì kankan, ní ojú ọ̀nà kan náà, ní ìyára kan náà, lálọ àti lábọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tì yín lásán tí kò sì mì yín lórí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò ohunkóhun. Owó tí a kò ná náà, èrè ni.

Èkejì: ẹ jókòó sórí alùpùpù bí ẹ ṣe máa ń jókòó, pẹ̀lú akoto. Kí ẹnì kejì fi ọ̀pá gbọọrọ dúró síwájú níbi tí gíláàsì yóò wà, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ó bá imú àti ẹnu yín dọ́gba. Ọ̀pá yìí ni kí ẹ mú lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà.

Ẹ̀kẹta: bí a bá ti de gíláàsì mọ́ ọn, ẹ gùn ún ní ojú ọ̀nà tó tọ́ tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí. Ẹ má gbọ́wọ́ kúrò lọ́wọ́ alùpùpù. Ẹ rọra nà sókè díẹ̀ lórí ìjókòó. Bí orí bá dákẹ́, a jẹ́ pé gíláàsì náà ga jù fún yín. Ẹ tún rọra tẹ orí ba díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà yìí ni orí dákẹ́, a jẹ́ pé ó kúrú jù. Bí ẹ bá nà tàbí tí ẹ bá tẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n tí a gbọ́dọ̀ dín kù tàbí tí a gbọ́dọ̀ fi kún un ṣe tó.

Ẹ̀kẹrin: kí a tó ra òmíràn, ẹ yí bó ṣe dagun padà. Gíláàsì tó nàró ṣánṣán ń ju afẹ́fẹ́ sókè gan-an, ṣùgbọ́n ó ń mú un yí po púpọ̀. Èyí tó dagun sẹ́yìn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ̀ kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀karùn-ún: gígé ni kó kẹ́yìn. Ohun tí a gé kò ṣeé so padà. Bó bá di dandan, ẹ lẹ bébà sí i, ẹ fa ìlà sí i, kí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n fi ayùn olójú wẹ́wẹ́ gé e díẹ̀díẹ̀, kí ó sì fi sánpépà dán etí rẹ̀.

5. ÌGBÒKUN ÀTI AGBOÒRÙN

Àwọn bàbá wa ta ìgbòkun lórí omi yìí kí ẹ̀rọ ọkọ̀ tó dé. Wọ́n mọ̀ pé aṣọ tó fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbé, àti pé bí afẹ́fẹ́ bá yà láti ẹ̀gbẹ́ lójijì, ẹni tí kò bá tú okùn kíákíá yóò dojú dé. Gíláàsì tó fẹ̀ jù, ìgbòkun ni. Bí ó bá sì jẹ́ ọwọ́ alùpùpù ni a dè é mọ́, afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ kò ní í ti alùpùpù nìkan, yóò máa yí ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní etí òkun tí igi kò pọ̀ láti dí afẹ́fẹ́, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nítorí náà kí gíláàsì wa má ṣe fẹ̀ ju èjìká lọ. Ní ọjọ́ tí ìjì bá ń jà, kí a tú u sílẹ̀, tàbí kí a má jáde rárá.

Àwọn tí ń já sí títì ńlá ní Ọ̀rẹ̀ náà ní láti ṣọ́ra. Tírélà tó ń bọ̀ níwájú ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ tẹ̀lé e. Alùpùpù tó bá pàdé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gba títì, lẹ́yìn náà yóò gba fífà. Ẹni tó ní gíláàsì tó fẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára ju ẹni tí kò ní lọ. Ẹ dín ìyára kù, ẹ fi àyè sílẹ̀.

Ní ti agboòrùn ńlá tí àwọn kan ń dè mọ́ ọ̀kadà nítorí oòrùn àti òjò, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ìgbòkun gidi ni, òkè orí wa ló sì wà, níbi tó ti lágbára jù láti bi alùpùpù ṣubú. Bó bá dúró sí gáréèjì, kó ṣí i. Bó bá fẹ́ gbéra, kó pa á dé.

6. ẸNI TÓ WÀ LẸ́YÌN

Ẹni tó gun ẹ̀yìn sábà máa ń ga ju ẹni iwájú lọ díẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe ìjókòó. Afẹ́fẹ́ tó fo orí ẹni iwájú kọjá lè balẹ̀ sójú ẹni ẹ̀yìn. Ọlọ́kadà á ní ó ti dára, ìyá tó wà lẹ́yìn á máa di gèlè mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé èrò, ẹ dán gíláàsì wò pẹ̀lú èrò lẹ́yìn, kí ẹ sì bi í léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ẹ̀yìn, ẹ má dákẹ́. Bí ẹ bá sọ pé "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n," kò túmọ̀ sí pé ojo ni yín.

7. OHUN TÍ WỌ́N FI ṢE É ÀTI ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Gíláàsì la ń pè é lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ gíláàsì fèrèsé, nítorí èyí tó bá fọ́ yóò di ọ̀bẹ. Rọ́bà líle tó mọ́ gaara ni. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni acrylic, tí àwọn kan mọ̀ sí Perspex. Ó mọ́ rekete, kì í tètè ní ilà lára, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá gbá a gidi ó lè fọ́ wẹ́wẹ́. Èkejì ni polycarbonate, tí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì àti General Electric ní Amẹ́ríkà ṣàwárí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọdún 1953. Ó le débi pé òun ni wọ́n fi ń ṣe apata tí ọlọ́pàá ń gbé dání níbi rògbòdìyàn. Ó ń tẹ̀ kí ó tó fọ́. Ṣùgbọ́n yanrìn tètè ń họ ọ́ lára, àyàfi bí wọ́n bá ti fi nǹkan bò ó. Fún ẹni tó ń gbé èrò, polycarbonate ló sàn jù.

Iyọ̀ òkun àti yanrìn ni ọ̀tá rẹ̀ níbí. Ẹ má ṣe fi aṣọ gbígbẹ nù ún, nítorí yanrìn tó wà lára rẹ̀ yóò fa ilà sí i. Omi lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i títí iyọ̀ àti yanrìn yóò fi ṣàn lọ, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi pẹtiróòlù kàn án. Epo lè mú kí polycarbonate sán wẹ́wẹ́ nínú. Bóòtì tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, kí wọ́ṣà rọ́bà wà láàárín bóòtì àti gíláàsì, kí ẹ má sì fún un pa. Ibi ihò bóòtì ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹra fún èyí tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀. Èyí tí ilà ti pọ̀ lára rẹ̀ débi pé iná ń fọ́n ká nínú rẹ̀ lálẹ́, ẹ yọ ọ́ dànù.

8. AKOTO NI ÀGBÀ

Gíláàsì kò rọ́pò akoto. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn kó jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé akoto ń dín ewu ikú ẹni tó ṣubú lórí alùpùpù kù ní nǹkan bí 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ọgbẹ́ orí kù ní nǹkan bí 69 nínú 100. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto. Àwọn ọlọ́kadà kan ní orílẹ̀-èdè yìí dé igbá àti ìkòkò sórí kí wọ́n má bàa mú wọn. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n akoto tó tóbi ju orí lọ, tí okùn rẹ̀ kò sì dì, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí igbá. Afẹ́fẹ́ yóò wọ inú rẹ̀, yóò máa gbé e. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru gíláàsì, akoto tí kò báni mu ló fà á. Nítorí náà ẹni tí kò tíì ní akoto tó bá a mu, tó ní ìbojú tí yóò gba yanrìn àti kòkòrò kúrò lójú rẹ̀, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ rà.

9. Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Àwọn ahunṣọ tó dá kóópù Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844 kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yáwó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà tí kò ní àbùlà, nítorí wọ́n rí i pé tálákà tó ra ayédèrú ti ra nǹkan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti gíláàsì yìí. Àbá tí akọ̀wé ń gbé síwájú ìpàdé ni pé kí ẹgbẹ́ má tíì yá ẹnikẹ́ni lówó gíláàsì. Kí a ra mẹ́ta péré fún ìdánwò, kúkúrú, àárín àti gíga, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa yá wọn fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ìwọ̀n tirẹ̀ yóò fi orúkọ àti ìwọ̀n náà sílẹ̀. Bí orúkọ bá pé, ẹgbẹ́ yóò lọ rà wọ́n lápapọ̀ ní owó olówó-pọ́ọ́kú, a ó sì pín owó rẹ̀ sí oṣù bí a ti ń ṣe. Ẹni tí ìdánwò bá fi hàn pé kò nílò rẹ̀, kò jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí gíláàsì tó dé àgbọ̀n fi ń yọ èèyàn lẹ́nu ju èyí tó kúrú lọ?
2. Bí míta bá wà ní 40, tí afẹ́fẹ́ 20 sì ń bọ̀ níwájú, afẹ́fẹ́ mélòó ló ń kọlù wá? Ìlọ́po mélòó ni agbára rẹ̀ fi ju ti 40 lásán lọ?
3. Orí ọmọ ẹgbẹ́ kan dákẹ́ nígbà tó tẹ̀ ba. Kí ni kí ó ṣe sí gíláàsì rẹ̀?
4. Èwo ló yẹ kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ yáni lówó fún, akoto tàbí gíláàsì? Ẹ sọ ìdí.

Kí oníkálukú ka ẹ̀kọ́ yìí fún ẹni tí kò mọ̀wé kà nílé rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ire o.